Ṣé kí n gbà kí yunifásítì máa ṣàkóso fóònù tí mo fi owó ara mi rà?

Alákòóso_Ìpele_Kẹta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì ìjọba kan ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alákòóso àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpele kẹta ní ẹ̀ka wa. Ẹ̀ka kò fún ẹnikẹ́ni ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, nítorí náà fóònù Android tí mo fi owó ara mi rà ni mo fi ń ṣe ohun gbogbo. Orí rẹ̀ ni ímeèlì yunifásítì wà, orí rẹ̀ ni fáìlì èsì ìdánwò ń gbé kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, orí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìwé ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí láti orí WhatsApp nígbà tí àìsàn kò bá jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdánwò. Orí rẹ̀ kan náà ni áàpù báǹkì mi àti àwòrán àwọn ọmọ mi wà.

Ẹ̀ka ICT ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé sí gbogbo wa pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ máa ṣí ímeèlì yunifásítì lórí fóònù ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kí yunifásítì máa ṣàkóso fóònù náà, àti pé wọn yóò lè pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́ láti òkèèrè bí ó bá sọnù. Àwọn kan nínú wa ní a kò gbọdọ̀ gbà. Olórí ẹ̀ka ní kí oníkálùkù pinnu fún ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí irú èyí ti kàn rí, kí ni ẹ ṣe? Bí n kò bá sì gbà, báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo àwọn fáìlì yìí?

Àjànàkú_Físíìsì:

Ẹ má gbà rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàkóso fóònù ni kí ó rà á. Yunifásítì tí kò fún wa ní fóònù, tí kò fún wa ní owó dátà, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa wo inú èyí tí a rà. Bí wọ́n bá lè pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ láti òkèèrè, a jẹ́ pé wọ́n lè rí àwòrán aya ẹni àti ọ̀rọ̀ tí ẹni ń bá ẹgbẹ́ ASUU sọ nìyẹn. Èmi ra fóònù kékeré kejì, mo yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́. Ní ti fáìlì èsì, ẹ lo Protect Sheet inú Excel, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà sí i, ó parí.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì:

Ẹ̀gbọ́n Àjànàkú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ohun méjì wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí ó yẹ kí a tún ṣe kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni Protect Sheet. Kì í ti fáìlì pa. Gbogbo ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ènìyàn yí nǹkan padà nínú tábìlì. Ẹni tí fáìlì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ yóò ka gbogbo máàkì tí ó wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Encrypt with Password ni ẹ ń wá. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti máa ṣe é: ẹ lọ sí File, lẹ́yìn náà Info, lẹ́yìn náà Protect Workbook, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Láti ọdún 2007 ni Excel ti ń fi ìlànà AES sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di ohun tí kò ṣeé kà láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú ímeèlì kan náà pẹ̀lú fáìlì. Ẹ pe ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ sọ ọ́ fún un lẹ́nu.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìṣàkóso, tí ó jẹ́ iṣẹ́ tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ní ẹ̀ka ICT yunifásítì mìíràn. Oríṣi ìṣàkóso wà ju ẹyọ kan lọ, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Alákòóso kò sì sọ èyí tí ó jẹ́, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn gbogbo ti wá. Èyí tí ó ti pẹ́ ni pé bí ẹ bá fi ímeèlì sórí fóònù, ojú ìwé kan yóò jáde tí yóò ní kí ẹ sọ áàpù náà di «device admin», tí yóò sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé áàpù náà yóò lè pa gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ́. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n Àjànàkú jàre: ẹ má tẹ̀ ẹ́. Àwòrán ọmọ yín àti ímeèlì yunifásítì ni yóò jọ lọ.

Èyí tí ó bójú mu ni Work Profile tí ó wà lórí Android. Ó ń pín fóònù sí yàrá méjì. Àwọn áàpù iṣẹ́ yóò wà ní apá kan pẹ̀lú àmì àpò kékeré lára wọn, àwọn tiyín yóò wà ní apá kejì. Yunifásítì lè pa apá iṣẹ́ rẹ́, kò lè pa tiyín. Kò lè rí àwòrán yín, kò lè ka WhatsApp yín, kò lè rí àwọn áàpù tí ẹ fi sí apá tiyín. Ohun tí ó lè rí ni irú fóònù tí ẹ ń lò àti bí ẹ̀dà Android rẹ̀ ṣe jẹ́ titun sí. Ó sì lè sọ pé dandan ni kí ẹ fi PIN sórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́, ẹ lè da apá iṣẹ́ dúró kí ìpè ímeèlì má baà dà yín láàmú lójú oorun. Lórí iPhone, Apple ní èyí tí ó jọ ọ́, User Enrollment ni wọ́n ń pè é, láti iOS 13 ni ó sì ti wà.

Nítorí náà, Alákòóso, ìbéèrè tí ẹ ó kọ sí wọn kò ju ọ̀kan lọ: ṣé Work Profile ni, àbí gbogbo fóònù ni? Ẹ gba ìdáhùn náà ní kíkọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpele_Kẹrin:

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi, nítorí orúkọ wa ni ó wà nínú àwọn fáìlì tí ẹ ń sọ yìí. Kí olè tó dé rárá ni wọ́n ti ń fi ohun ìkọ̀kọ̀ wa síta. Ní ẹ̀ka tèmi, wọ́n máa ń ju èsì ìdánwò sí ẹgbẹ́ WhatsApp pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà mátíríkì àti máàkì olúkúlùkù. Wọ́n tún ní kí aṣojú kíláàsì kó nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí gbogbo wa jọ sínú fáìlì kan, ó sì wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn títí di òní. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ààbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ohun kan tún wà tí n kò rí i kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà. Àwọn kan máa ń fi áàpù ayánilówó sórí fóònù, tí wọn yóò sì gbà kí ó ka gbogbo nọ́ńbà tí ó wà nínú rẹ̀. Bí owó bá pẹ́ kí a tó san án, àwọn ayánilówó náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí nọ́ńbà gbogbo kíláàsì bá wà lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́_Amòfin:

Akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ òtítọ́, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó orí fóònù kan nítorí irú ìwà tí ó ṣàpèjúwe yẹn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 ni a sì ti ní òfin ìdáàbòbo dátà ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀, tí ó fìdí NDPC, àjọ tí ó ń rí sí ìdáàbòbo dátà, múlẹ̀.

Alákòóso, ìwé ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ránṣẹ́ sí yín ni ó ń kọ mí lóminú ju èsì ìdánwò lọ. Òfin náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ le ju ti ìyókù lọ. Lójú òfin, yunifásítì ni ó ni ojúṣe dátà náà, yálà orí fóònù tirẹ̀ ni ó wà tàbí orí tiyín. Bí fóònù bá sọnù, tí ewu sì lè ti ibẹ̀ bá àwọn tí dátà náà jẹ́ tiwọn, wákàtí 72 ni yunifásítì ní láti fi tó NDPC létí lẹ́yìn tí ó bá ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn kíákíá. Ẹ rí i pé bí ẹ bá dákẹ́ nítorí ìtìjú, wákàtí yẹn ni ẹ ń jẹ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n Àjànàkú lórí ohun kan: yunifásítì tí ó ń fẹ́ kí a fi fóònù wa ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó yé ènìyàn. «A ó máa ṣàkóso fóònù yín» kì í ṣe ìlànà.

Baba_Ìbejì_Leeds:

Mo kí gbogbo ilé. Yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbí, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń gba ìwé ẹ̀rí ààbò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Cyber Essentials, ìlànà rẹ̀ sì ka fóònù òṣìṣẹ́ mọ́ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, bí ímeèlì tàbí fáìlì ilé ẹ̀kọ́ bá ti wà lórí rẹ̀. Àtúnṣe ààbò tí ó bá ṣe pàtàkì gbọ́dọ̀ wọ orí fóònù láàárín ọjọ́ 14 tí ó bá jáde. PIN kò gbọdọ̀ kéré sí nọ́ńbà mẹ́fà. Fóònù tí ẹni tí ó ṣe é kò bá fún ní àtúnṣe mọ́ kò gbọdọ̀ fojú kan ímeèlì iṣẹ́. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́, orí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ ni kí ó ti ka ímeèlì rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àjànàkú_Físíìsì:

Baba Ìbejì, ẹ kú àjò. Kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wo? Olùkọ́ mẹ́rin ni a wà nínú ọ́fíìsì kan níbí, kò sí kọ̀ǹpútà yunifásítì kankan nínú rẹ̀, bí iná bá sì lọ, fóònù nìkan ni ó kù tí ó ń mí. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí a ń rà kì í rí àtúnṣe gbà fún oṣù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti tòkunbọ̀ lè ti kọjá àsìkò àtúnṣe kí ó tó dé ọwọ́ wa rárá. Bí a bá tẹ̀lé ìlànà yín, kò ní ku olùkọ́ kan tí yóò lè ka ímeèlì.

Ṣùgbọ́n mo ti ka àlàyé Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì nípa Work Profile. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ọ̀rọ̀ mi rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀ka ICT tiwa kò ṣàlàyé rẹ̀ fún wa báyìí rí.

Baba_Ìbejì_Leeds:

Ẹ jàre lórí ti kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ẹ lè wo inú Settings kí ẹ ka déètì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ «Android security update». Ẹni tí déètì tirẹ̀ bá ti lé ní ọdún méjì kò yẹ kí ó máa gbé ìwé ilé ìwòsàn ọmọ ọlọ́mọ kiri lórí rẹ̀, ìbáà ṣe Èkó ni ó wà, ìbáà ṣe Leeds.

Ìyá_Ìkàwé:

Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ òfin àti ìlànà láti àárọ̀, ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ gbéwiri. Ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń rí i bí fóònù ṣe ń lọ: lórí tábìlì nígbà tí ẹni tí ó ni ín bá sùn lé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń fún un ní ṣáájì, àti nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé wa láti ẹnu géètì. Àwọn olè wọ̀nyí kò wá èsì ìdánwò ẹnikẹ́ni. Owó ni wọ́n ń wá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ síìmù, wọ́n á fi sínú fóònù mìíràn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ kóòdù USSD báǹkì. PIN tí ẹ fi sórí fóònù kò lè dá èyí dúró, nítorí síìmù ti kúrò nínú fóònù náà.

Ohun tí ó lè dá a dúró ni PIN tí a fi sórí síìmù fúnra rẹ̀. Ó wà nínú Settings, níbi tí wọ́n ti kọ «SIM lock». Bí ẹ bá ti tan án, ẹnikẹ́ni tí ó bá fi síìmù yín sínú fóònù mìíràn yóò kọ́kọ́ tẹ PIN náà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wọlé. Mo ti fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì kọ kóòdù tí báǹkì yín fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù ẹlòmíràn sínú ìwé kan nílé, nítorí bí fóònù bá ti lọ, inú fóònù náà ni ẹ fi kóòdù náà pamọ́ sí.

Ẹ tẹ *#06# náà, kí ẹ kọ IMEI tí ó bá jáde, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, sílẹ̀. Ọlọ́pàá àti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè béèrè rẹ̀.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì:

Màmá, ẹ ṣeun gidigidi. Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un kí ẹnikẹ́ni tó sáré lọ tan SIM lock. Síìmù ti ní PIN tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ó tà á, ìyẹn ni fóònù yóò kọ́kọ́ béèrè. Ẹ má gbìyànjú láti méfò. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní àṣìtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù yóò tì, yóò sì béèrè PUK, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń ṣí síìmù tí ó bá tì. Bí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù náà ti kú nìyẹn. Ẹ wo páálí tí síìmù ti wá, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín.

Bí olè bá gba síìmù, WhatsApp náà wà nínú ewu, nítorí nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ń mọ ẹni yóò wá sórí síìmù náà. Ẹni tí ó gba WhatsApp alákòóso ìpele lè kọ̀wé sí gbogbo kíláàsì pé kí wọ́n san owó sí àkáǹtì kan, wọn yóò sì san án, nítorí olùkọ́ ni ó sọ ọ́. Ẹ lọ sí Account nínú Settings WhatsApp, kí ẹ tan Two-step verification, ìyẹn PIN mìíràn tí WhatsApp yóò béèrè lẹ́yìn nọ́ńbà mẹ́fà náà. Láti ọdún 2017 ni ó ti wà níbẹ̀.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí ímeèlì yunifásítì máa fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí síìmù nìkan láti mọ̀ yín. Ẹ lo áàpù tí ó ń mú nọ́ńbà jáde fúnra rẹ̀, authenticator ni wọ́n ń pè é. Bí ímeèlì náà bá jẹ́ ti Google, Google yóò fún yín ní nọ́ńbà ìpamọ́ mẹ́wàá (backup codes) bí ẹ bá béèrè. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ tọ́jú wọn sílé, kí ẹ lè wọ ímeèlì yín lọ́jọ́ tí fóònù bá sọnù.

Bí fóònù bá ti lọ, ẹ yá ti ẹlòmíràn, kí ẹ ṣí android.com/lock. Nọ́ńbà fóònù yín ni yóò béèrè, kò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, yóò sì ti ojú fóònù náà pa níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Android 10 sókè ni ó wà fún, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti tan án sílẹ̀ kí olè tó dé.

Àtúnṣe_Fóònù:

Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mo ń ṣe lẹ́bàá géètì yunifásítì kan, mo sì ń ka ìjíròrò yín láti ìgbà díẹ̀. Àwọn olùkọ́ máa ń gbé fóònù wá sọ́dọ̀ mi fún àtúnṣe ojú gíláàsì, wọn á kọ PIN sórí bébà, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, wọn á sì lọ sí kíláàsì. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí èmi kò bá wo ohun tí kò kàn mí, ta ni yóò dúró fún àwọn yòókù?

Ẹni tí ó bá ń lo Samsung tí kò pẹ́ kí ó wá Maintenance mode nínú Settings, kí ó tan án kí ó tó gbé fóònù wá. A ó rí fóònù náà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, a ó sì lè dán ojú, kámẹ́rà àti gbohùngbohùn wò láìmọ PIN yín. Pixel náà ní irú rẹ̀, Repair mode ni tirẹ̀ ń jẹ́. Àwọn fóònù tí ó kù, ẹ jókòó tì wá títí a ó fi parí iṣẹ́ náà. Kò bí wa nínú.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpele_Kẹrin:

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè jí ohun inú fóònù ẹni kó níbi tí wọ́n ti ń gba owó fún ṣáájì? Iná kì í dúró ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń lọ.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì:

A kò lè sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ bẹ̀rù. Bí fóònù tí kò pẹ́ bá rí i pé okùn náà fẹ́ gba dátà, yóò béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ yan ṣáájì nìkan. Kí ẹ gbé orí ṣáájà tiyín dání kí ẹ sì ti ojú fóònù pa. Pé kí wọ́n gbé fóònù náà lọ pátápátá ni ẹ ó ṣọ́ra fún jù níbẹ̀.

Wáìfáì ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kì í fiyè sí. Àwọn yunifásítì kan ní Nàìjíríà ti ní eduroam, tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi ọ̀rọ̀ aṣínà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ Wáìfáì ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí ẹ bá ń tò ó, tí fóònù bá béèrè nípa CA certificate, ìyẹn ẹ̀rí tí fóònù fi ń mọ̀ pé ojúlówó ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má yan «Do not validate» bí ọ̀rẹ́ yín ṣe ń kọ́ yín. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé fóònù yín yóò bá ẹ̀rọkẹ́rọ tí ó bá pe ara rẹ̀ ní eduroam sọ̀rọ̀, ẹni tí ó sì gbé ẹ̀rọ èké sí ẹ̀yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì lè gba ohun tí yóò fi wá ọ̀rọ̀ aṣínà yín rí. Ẹ fi áàpù geteduroam tò ó bí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ti wà nínú rẹ̀.

Alákòóso_Ìpele_Kẹta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ICT gẹ́gẹ́ bí Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe sọ, wọ́n sì dáhùn ní kíkọ pé Work Profile ni. Mo ti gbà á. N kò gba ìwé ilé ìwòsàn lórí WhatsApp mọ́. Ímeèlì yunifásítì nìkan ni mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Mo sì sọ fún olórí ẹ̀ka pé kí a máa fi èsì han olúkúlùkù lórí pọ́tà, kí a má jù ú sí ẹgbẹ́ mọ́.

Ó ku ìbéèrè kan. Àwọn ìwé tí mo ti gbà sórí WhatsApp tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mo pa wọ́n rẹ́ nínú WhatsApp, mo sì tún rí wọn nínú àwòrán mi.

Onínẹ́tíwọ́ọ̀kì:

WhatsApp ti fi ẹ̀dà wọn sínú Gallery, ó sì ṣeé ṣe kí Google Photos ti gbé ẹ̀dà kejì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa á rẹ́ níbi méjèèjì, kí ẹ tún sọ Trash dòfìfo, nítorí ohun tí a bá pa rẹ́ kì í kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings WhatsApp, ní Chats, kí ẹ pa Media visibility. Tí ẹ bá ń fi WhatsApp pamọ́ sórí Google Drive, ẹ tan End-to-end encrypted backup níbẹ̀ kan náà, kí ẹlòmíràn má baà lè ka ẹ̀dà náà. Láti ọdún 2021 ni ó ti wà, ṣùgbọ́n kì í tan fúnra rẹ̀.

Àdùkẹ́_Amòfin:

Kí ẹ tó pa èyíkéyìí rẹ́, Alákòóso, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀dà tí ìgbìmọ̀ ìdánwò nílò ti wà nínú fáìlì ẹ̀ka. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe ìdánwò nítorí àìsàn lè nílò ìwé yẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ipò alákòóso sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.